Sí Olóòtú: Tẹ́ẹ̀sì tí kò yẹ àṣìṣe wò, irọ́ ló ń pa fún wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé sí ojú ewé kọ̀ǹpútà yín lórí bí èèyàn ṣe lè fi prógírámù kékeré dán filesystem (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) wò, inú mi dùn pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ń jáde ní Yorùbá, ẹni tó kọ ọ́ sì gbìyànjú gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ yẹn, mi ò lè gbé e mì. Ó ṣí fáìlì, ó kọ nǹkan sínú ẹ̀, ó pa á dé, ó wá tẹ "tẹ́ẹ̀sì yege" jáde. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò síbi tó ti bi open, tàbí write, tàbí close pé iṣẹ́ tí mo rán ẹ, ṣé o jẹ́ ẹ? Tí dísìkì bá kún dẹ́múdẹ́mú, "tẹ́ẹ̀sì yege" ló máa tẹ̀. Tí ẹnì kan bá fa dísìkì yẹn yọ lára ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, "tẹ́ẹ̀sì yege" náà ni. Kí la wá ń dán wò?

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní prógírámù àpẹẹrẹ ṣá ni, kí n má le jù. Torí pé àpẹẹrẹ ni gan-an ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀, torí àpẹẹrẹ làwọn èèyàn máa ń dà kọ. Èmi náà dà á kọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì jìyà ẹ̀.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà nígbà kan, a ń dán filesystem kan wò lálaalẹ́. Skíríìpù kan ló ń ṣe é, á kọ́kọ́ mount dísìkì tuntun sórí fódà kan (ìyẹn ni pé á so ó mọ́ fódà yẹn, kí ohun tó bá kọ síbẹ̀ lè bọ́ sórí dísìkì náà), á kọ igba fáìlì sínú fódà yẹn, á kà wọ́n padà, á fi ohun tó kà wé ohun tó kọ, tó bá ti bára mu ó parí nìyẹn. Àràárọ̀ tá a bá dé, àmì aláwọ̀ ewé la máa ń bá lójú síkírìnì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀gá ń yìn wá. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá ń béèrè pé kí ló dé tí dísìkì tuntun yìí ò kún rárá la tó rí i pé mount ti ń kùnà látìgbà tí wọ́n ti yí orúkọ dísìkì náà padà, skíríìpù ò sì bi í léèrè. Fódà tó yẹ kí dísìkì wà lórí ẹ̀ kàn jẹ́ fódà òfìfo lásán, gbogbo igba fáìlì yẹn ń wọ inú dísìkì tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ fi ń gbéra, ibẹ̀ la ti ń kà wọ́n padà, ó sì ń bára mu, kí ló fẹ́ ṣe é tí ò ní bára mu! Ìlà kan péré ni ì bá gbà wá: kí skíríìpù wo ohun tí mount dá padà, tàbí kó lo àṣẹ mountpoint tó ń sọ bóyá nǹkan gun orí fódà, tàbí kó fi nọ́ńbà st_dev (nọ́ńbà dísìkì tí fódà wà lórí ẹ̀) ti fódà yẹn wé ti fódà tó wà lókè ẹ̀, tí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà á jẹ́ pé kò sí dísìkì kankan tó gun orí ẹ̀.

Látìgbà yẹn ni mi ò ti fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Prógírámù tí gbogbo ayé ń lò, tó bá gbàgbé láti yẹ àṣìṣe wò, oníbàárà á pariwo, wọ́n á tún un ṣe. Tẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀, tó bá gbàgbé, kò sẹ́ni tó máa pariwo, torí ohun tó ń sọ fún wa ni ohun tá a fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ n mú write fúnra ẹ̀. Write kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà ló ń dá padà, ìyẹn iye báìtì tó gbà lọ́wọ́ yín. Tó bá kùnà pátápátá, -1 ni, ìdí ẹ̀ á wà nínú errno, ibi tí nọ́ńbà àṣìṣe máa ń wà. Ṣùgbọ́n ó lè gba apá kan kó fi apá kan sílẹ̀. Ká ní ẹ ní kó kọ báìtì 10,000, tí àyè tó kù lórí dísìkì sì jẹ́ 4,096, ó ṣeé ṣe kó kọ 4,096 yẹn kó sì dá 4,096 padà fún yín wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní sọ -1 rárá. Ìgbà tí ẹ bá tún pè é pé kó wá kọ ìyókù ló tó máa sọ ENOSPC, pé àyè ti tán. Prógírámù tó kàn ń wò ó bóyá -1 ni, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ, kò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó tiẹ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò náà nìyẹn! Lórí Linux, kódà tí àyè bá pọ̀ rẹpẹtẹ, write ẹyọ kan ò lè gbé ju báìtì 2,147,479,552 lọ, nítorí náà ẹni tó ń dán fáìlì ńlá wò tó ju gbogbo ẹrù lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, á kúrú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi filesystem. Àfi kó fi write sínú lúùpù, kó máa pè é títí tí gbogbo ẹ̀ á fi tán, kó sì máa ka iye tó ti lọ.

Read náà ní tiẹ̀. Tó bá dá 0 padà, òpin fáìlì ni, kì í ṣe àṣìṣe, errno ò sì ní yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ kọ́ọ̀dù ẹ̀ pé "tí iye tí mo kà kò bá pé, pe perror" (èyí tó ń tẹ ìtumọ̀ errno jáde), á rí ohun ìyanu. Mo ti rí lọ́ọ̀gì tó sọ pé "read failed: Success", mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìgbà tó yá mo rántí pé èmi ni mo kọ ọ́. Errno ò nítumọ̀ àfi tí iṣẹ́ náà bá sọ pé òun kùnà. Tó bá sì sọ pé òun kùnà, ẹ tètè tọ́jú errno sínú ohun mìíràn kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, torí printf tí ẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lè yí i padà lọ́nà, ẹ̀yin á wá máa wá nǹkan tí ò sọnù.

Tí mo bá wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà, ẹ wo irú ìròyìn tí tẹ́ẹ̀sì máa ń fún wa tó bá kùnà. "Error." Ó tán. Error wo, fáìlì wo, níbo? Ẹni tó máa jí láago méjì òru torí ẹ̀ ò ní mọ ibi tó máa fọwọ́ bà. Ìròyìn tó wúlò á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, á sọ orúkọ fáìlì, á sọ ibi tó dé nínú fáìlì, iye báìtì tó béèrè àti iye tó rí gbà, àti ìdí tí kernel, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sọ. Fún àpẹẹrẹ: "write sí /mnt/t/f17, ní báìtì 1,048,576, mo béèrè 65,536, mo rí 12,288 gbà, lẹ́yìn náà ENOSPC". Ẹni tó bá ka ìyẹn ti yanjú ìdajì ẹ̀ kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ìròyìn náà gba ojú ọ̀nà stderr (ọ̀nà ìròyìn àṣìṣe) o, kì í ṣe stdout (ọ̀nà ọ̀rọ̀ lásán), kí prógírámù sì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í ṣe 0 (0 ló ń sọ pé gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa). Torí ẹ̀rọ tó ń tún gbogbo tẹ́ẹ̀sì pè kì í ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń wò. Tí ẹ bá sì fi páìpù gbé e lọ sínú tee, tó ń kọ ẹ̀dà ohun tó kọjá sínú fáìlì, kí lọ́ọ̀gì lè wà, ẹ rántí pé nọ́ńbà tee ni shell máa mú, tee á sì sọ 0, àfi tí ẹ bá tan pipefail, tó ń jẹ́ kí shell mú nọ́ńbà èyí tó kùnà.

Ó kan printf àti fprintf wàyí, ibi yìí ló ń pa èèyàn jù. Àwọn yìí kì í kọ nǹkan sí dísìkì lójú ẹsẹ̀, inú bọ́fà (àyè ìdúródè nínú mẹ́mọ́rì) ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á sọ fún yín pé ó ti ṣe tán. Ìgbà tí bọ́fà bá kún tàbí tí ẹ bá pe fflush tàbí fclose ni ọ̀rọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ kernel, ìgbà yẹn ni àṣìṣe á tó yọjú, ta ló sì máa ń wo ohun tí fclose dá padà? Lórí Linux ohun kan wà tó ń jẹ́ /dev/full, ẹ̀rọ àfiṣeré kan ni, ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú ẹ̀ á sọ fún yín pé àyè ti tán. Ẹ mú prógírámù tí ẹ kọ́kọ́ kọ láyé yín, èyí tó ń kí gbogbo ayé káàárọ̀, ẹ darí ohun tó ń tẹ̀ sínú /dev/full, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tó fi jáde. Ní C, tí ẹ bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa, 0 ni. Ìlà kan péré ló ní kó kọ, kò kọ ọ́, ó ní òun ti kọ ọ́.

Close náà lè kùnà, pàápàá lórí NFS, ìyẹn filesystem tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí àṣìṣe write lè máà dé títí di ìgbà tí ẹ bá ń pa fáìlì dé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n tó bá sọ EINTR (pé sígínà kan já lu iṣẹ́ náà) lórí Linux, ẹ má tún un pè, kernel ti gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà tí kernel fi ń mọ fáìlì náà lè ti di ti ẹlòmíì nínú prógírámù tó ní thread púpọ̀ (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń lọ pa pọ̀), ẹ̀yin á wá máa pa fáìlì onífáìlì dé.

Fsync, àṣẹ tó ń ní kí kernel da dátà fáìlì sórí dísìkì ní tòótọ́, ló tún wá burú ju gbogbo wọn lọ. Ní 2018, àwọn tó ń ṣe dátábéèsì PostgreSQL kàn án lójúkojú. Ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé tí fsync bá kùnà, kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n tún un pè, tó bá wá sọ pé ó dáa, á jẹ́ pé dátà ti wà lórí dísìkì. Irọ́ ni. Tí Linux bá gbìyànjú láti da ojú ìwé kan láti inú mẹ́mọ́rì sórí dísìkì tí kò sì ṣeé ṣe, á sọ àṣìṣe yẹn, lẹ́yìn náà á sàmì sí ojú ìwé yẹn pé ó ti mọ́, pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Fsync ẹlẹ́ẹ̀kejì wo ọ̀tún wo òsì, kò rí nǹkan tó kù láti kọ, ó sọ 0. Dátà ti lọ! Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ àṣìṣe náà fún lè má jẹ́ ẹni tó ni ín, torí kernel ayé àtijọ́ lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré fún ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè. Linux 4.13 tó jáde ní 2017 ti tún apá yẹn ṣe, kí gbogbo ẹni tó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí èèyàn tún un pè kó wá dáa, kò tíì jóòótọ́ síbẹ̀. Ní oṣù kejì 2019, PostgreSQL gbé ẹ̀yà 11.2 jáde, wọ́n sì yí i padà pé tí fsync bá kùnà, kí dátábéèsì dákú lójú ẹsẹ̀ kó sì dìde láti inú àkọsílẹ̀ WAL ẹ̀ (ibi tó ti máa ń kọ àyípadà sí ṣáájú), dípò kó tún un gbìyànjú.

Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí o. Nítorí náà tí mo bá rí tẹ́ẹ̀sì tó kọ "tí fsync bá kùnà, gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta", ara mi máa ń bù máṣọ. Tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ń wẹ àṣìṣe gidi tó yẹ kó mú wá fún wa. EINTR lórí read tàbí write, ẹ tún un pè, kò burú. EIO, ìyẹn àṣìṣe kíkà tàbí kíkọ látọ̀dọ̀ dísìkì, ẹ dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tẹ́ẹ̀sì ti kùnà.

Ohun mìíràn tí àpilẹ̀kọ yẹn ò mẹ́nu bà ni pé tí ẹ bá kọ fáìlì tí ẹ sì kà á padà lójú ẹsẹ̀, inú mẹ́mọ́rì lẹ ti ń kà á, kernel ti tọ́jú ẹ̀dà kan síbẹ̀, dísìkì lè ti kú kí ẹ ṣì máa rí i pé ó bára mu. Ẹ unmount kí ẹ tún mount, tàbí kí ẹ ṣe fsync, kí ẹ wá kọ 3 sínú /proc/sys/vm/drop_caches kí kernel lè da ẹ̀dà yẹn nù, tàbí kí ẹ lo O_DIRECT tó ń fo ẹ̀dà inú mẹ́mọ́rì kọjá (ìyẹn ní wàhálà tiẹ̀, tí àdírẹ́sì bọ́fà tàbí gígùn ohun tí ẹ ń kọ ò bá bá ìwọ̀n tó ń fẹ́ mu, EINVAL lẹ máa rí, àwọn kan á sì rò pé filesystem ló bàjẹ́). Ẹ má sì fi òdo kún fáìlì tí ẹ fẹ́ dán wò. Ihò inú fáìlì, tí ẹ bá kà á, òdo ló ń dá padà, ibi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí á wá jọ ibi tí ẹ kọ sí. Ẹ kọ nǹkan tó ń yí padà, tó ní nọ́ńbà ibi tó wà nínú fáìlì lára, kí báìtì tó ṣìnà lè sọ ilé tó ti wá.

Tẹ́ẹ̀sì àṣẹ náà wà, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ yọ àṣẹ ìkọ̀wé kúrò lórí fáìlì, ẹ gbìyànjú láti ṣí i fún kíkọ, ẹ retí EACCES, pé ẹ ò ní àṣẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ wá gbé e sínú container (àpótí tí prógírámù ti ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀), ó kùnà, ẹ̀yin ń bú container. Root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ni prógírámù ń ṣe nínú ibẹ̀, root ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àṣẹ! Kí tẹ́ẹ̀sì yẹn kọ́kọ́ wò ó bóyá root ni òun, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sọ pé òun ò ṣe é, kó má sọ pé ó yege, kó má sì sọ pé ó kùnà. Ipò mẹ́ta ló wà, kì í ṣe méjì. Àwọn tó ń lo automake, irinṣẹ́ fún kíkọ́ prógírámù, ní nọ́ńbà 77 fún ìyẹn, àkójọ tẹ́ẹ̀sì xfstests tí àwọn tó ń ṣe filesystem ext4, XFS àti Btrfs ń lò ní _notrun tiẹ̀. Àmọ́ kí ìyẹn náà má di ibi ìsápamọ́ sí o, mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti kùnà ló ń fi sí "a ò ṣe é".

Wọ́n á ní ó ń mú kọ́ọ̀dù gùn. Lóòótọ́ ni, tí ẹ bá ń kọ ọ́ síbi gbogbo. Ẹ kọ fúnṣọ́ọ̀nù kékeré mẹ́rin márùn-ún, tí open, write, fsync àti close wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn tó pé, kí gbogbo tẹ́ẹ̀sì máa pe ìyẹn. Ẹ má fi assert, tó ń pa prógírámù tí ohun tí ẹ sọ ò bá jóòótọ́, ṣe é, torí tí ẹnì kan bá kọ NDEBUG nígbà tó ń kọ́ prógírámù náà, gbogbo assert á pòórá, tí write bá sì wà nínú assert yẹn, write náà á bá a lọ. Àwọn tó ń lo èdè mìíràn náà kó má rò pé àwọn ti bọ́. Python á ju exception fún yín, ẹ̀yin á sì kọ except, ẹ á kọ pass, ìyẹn ni pé kó gbójú fò ó. PrintStream ti Java máa ń gbé àṣìṣe mì, àfi tí ẹ bá bi í nípa checkError. Rust tí wọ́n ń fi yangàn, tí ẹ bá fi fáìlì sílẹ̀ fún un kó bá yín pa á dé, àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń pa á dé, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á tún ní àṣìṣe yìí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Toronto wo ìṣòro 198 tí àwọn tó ń lo Cassandra, HBase, HDFS, MapReduce àti Redis (àwọn ètò tó ń tọ́jú dátà tàbí ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ káàkiri kọ̀ǹpútà púpọ̀) fi sùn, wọ́n gbé e jáde ní 2014 pé nínú àwọn tó burú jáì, tó da gbogbo ètò náà dojú dé, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá látinú àṣìṣe tí prógírámù ti gbọ́ nípa ẹ̀ tí kò sì bójú tó o dáadáa. Prógírámù gbọ́ o! Wọ́n sọ fún un. Òmíràn nínú wọn, ibi tó yẹ kó ti bójú tó o ṣófo ni, òmíràn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá ṣe é.

Kì í sì í ṣe pé ẹ máa jókòó máa retí kí dísìkì bàjẹ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá kọ́ọ̀dù yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ mount tmpfs, filesystem inú mẹ́mọ́rì, tó jẹ́ mégábáìtì kan péré, ẹ kọ nǹkan kún inú ẹ̀. Ẹ fi ulimit -f dín ìwọ̀n fáìlì kù (ẹ kọ́kọ́ dí etí sí SIGXFSZ, sígínà tí kernel fi ń sọ pé fáìlì ti tóbi jù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ṣe ló máa pa prógírámù kó tó rí EFBIG). Strace, irinṣẹ́ tó ń tọpa ohun tí prógírámù ń béèrè lọ́wọ́ kernel, lè purọ́ fún prógírámù yín, pé write ẹlẹ́ẹ̀kẹta kùnà pẹ̀lú ENOSPC, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe dísìkì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà, dm-flakey àti dm-error wà nínú Linux, wọ́n á ṣe bíi dísìkì tó ń kú lọ.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yẹn tún prógírámù ẹ̀ tẹ̀ jáde pẹ̀lú write nínú lúùpù, kó yẹ open, fsync àti close wò, kó sì jẹ́ ká rí nọ́ńbà tó fi jáde nígbà tó bá kọ sí /dev/full. Tó bá jẹ́ 0 ló ṣì ń sọ, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń fi tẹ́ẹ̀sì jẹun